Gíà Kejì Tí Rebecca Kò Gbọ́ Mọ́

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òjòwú ni Rebecca ìyàwó Isaiah, òótọ́ ló sọ, n kò ní bá a jiyàn. Ohun tí onítọ̀hún kò mọ̀ ni pé èmi tí mò ń sọ ọ̀rọ̀ yìí náà ń jowú nígbà náà. Rebecca ń jowú nítorí ọkọ rẹ̀, èmi ń jowú Rebecca. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà, ṣùgbọ́n èmi sanra dáadáa ní tèmi, bóyá ìyẹn ni ẹnikẹ́ni kò fi fura sí mi.

Theresa ni orúkọ tí àwọn Fadá fi sàmì fún mi, ṣùgbọ́n Ìyá James ni gbogbo Kábà ń pè mí. Aṣọ ni mò ń hun. Àgbẹ̀ ni Bámigbóyè ọkọ mi, kì í sì í ṣe ènìyàn burúkú. Kò nà mí rí, kò fi ebi pa mí rí. Kò kàn ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu ni. Bí ó bá ti oko dé, á kí mi ní "Okun o," á wẹ̀, á jẹun, á sì kọjú sí ògiri. Mo ti bí ọmọ mẹ́rin fún un kí n tó mọ̀ pé ó ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé ní Ponyan.

Ọdún 1954 ni Isaiah gbé Rebecca wá láti Igbaruku, tí wọ́n sì wọ yàrá méjì tó kángun sí tiwa. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, ẹ̀yìnkùlé kan náà ni a sì jọ ń dáná. Ọmọ Kábà ni Isaiah, òun ló ń wa mọ́tò ńlá onípákó tí Hezekiah, oníṣòwò ará Ìyàrá, fi ń kẹ́rù. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni ó máa ń kó iṣu àti èkùrọ́ lọ sí Lọ́kọ́jà, tí ó sì máa ń kó iyọ̀, kẹrosíìnì àti èrò bọ̀. Rebecca kéré, ó dúdú, ojú rẹ̀ mú, kò sì mọ ẹnì kan dunjú ní ìlú ju ọkọ rẹ̀ àti èmi lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ dùn mí ni bí Isaiah ṣe máa ń bá a sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà kì í dákẹ́. Bí ó bá ti Lọ́kọ́jà dé, á sọ bí afárá ṣe gbọ̀n lábẹ́ táyà, á sọ ti obìnrin tó gbé adìẹ mẹ́fà wọ mọ́tò tó ní ọmọ òun ni wọ́n, á sọ bí odò ṣe kún àti ohun tí òun jẹ ní ọ̀sán. Rebecca á bi í léèrè, á dá a lóhùn, á tún bi í, á tún dá a lóhùn. Èmi á jókòó sídìí òfì mi ní ẹ̀gbẹ́ kejì ògiri, ọwọ́ mi á dúró, etí mi á sì máa ṣiṣẹ́.

"Kí ló dé tí mọ́tò rẹ fi máa ń pa ohùn dà bí ó bá ń gun òkè?" ni Rebecca bi í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

Ọkùnrin mìíràn ìbá ní kí ló kàn án níbẹ̀. Isaiah mú igbá méjì tó ti fọ́, ó fi ọ̀bẹ gé wọn róbótó, ọ̀kan kékeré, ọ̀kan ńlá, ó sì gé eyín sí etí wọn yíká. Ó fi ìṣó gún wọn láàárín mọ́ ara pákó kan, ó sì tò wọ́n débi tí eyín ọ̀kan fi wọ àlàfo eyín èkejì.

"Kékeré yìí ni ẹ́ńjìnnì ń yí," ni ó wí. "Ńlá yìí ló ń yí táyà. Ó yá, yí kékeré."

Rebecca yí i. Igbá kékeré yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ńlá tó yí lẹ́ẹ̀kan.

"Ṣé o rí i pé ńlá kò yára? Wá fi ìka dá a dúró." Rebecca fi ìka ti igbá ńlá, ọkọ rẹ̀ sì ń yí kékeré, ìka Rebecca kò lè dá nǹkan kan dúró. "Eré tó sọnù ló di agbára. Gíà kìíní nìyẹn. Òun ni a fi ń gbéra, òun ni a sì fi ń gun ibi tó le jù, ṣùgbọ́n kì í wọlé àfi bí mọ́tò bá dúró. Èkejì yára jù ú lọ díẹ̀, agbára rẹ̀ sì dín díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin ń sáré gan-an, àmọ́ ojú ọ̀nà tó tẹ́jú nìkan ló lè rìn."

"Báwo lo ṣe ń bọ́ láti inú ọ̀kan sínú èkejì nígbà tí gbogbo wọn ń yí?"

"Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyẹn," ni Isaiah wí. Inú bí mi. Kò sí ẹni tó pe ìbéèrè mi ní ìbéèrè ọlọ́gbọ́n rí nínú ilé tèmi.

Ó gbé abọ́ méjì, ó dojú wọn kọra. Ó ní kílọ́ọ̀ṣì ló ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà, òun náà ló sì ń yà wọ́n. Bí òun bá fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ ẹ́, abọ́ méjèèjì á fi ara wọn sílẹ̀. Bí òun bá gbé ẹsẹ̀, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á sì jọ máa yí.

"Ṣùgbọ́n mọ́tò tiwa yìí, ìtẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan kò tó o," ni ó wí. "Bí mo bá ń bọ̀ láti ẹ̀kẹta sí èkejì, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo yọ gíà sí fíríì, ìyẹn ibi tí gíà kankan kò sí. Mo gbé ẹsẹ̀, mo fún ẹ́ńjìnnì níná díẹ̀, kí eré eyín méjèèjì lè dọ́gba. Mo tún tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ìgbà náà ni mo wá tì í wọlé. Bí eré wọn kò bá dọ́gba, eyín á gbá eyín, á sì kán."

"Nítorí náà, igbe kékeré tí mo máa ń gbọ́ láàárín ohùn méjèèjì, ìwọ lò ń fún un níná."

"Èmi náà ni."

Láti ọjọ́ náà ni etí Rebecca ti di ti mọ́tò. Òkè gíga kan wà lójú ọ̀nà Lọ́kọ́jà kí a tó wọ ìlú, Rọra ni àwọn dírẹ́bà ń pè é, a sì máa ń gbọ́ ohùn mọ́tò lórí rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé wa. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, Rebecca á na ọrùn. "Ó ti bọ́ sí ẹ̀kẹta," á wí. Lẹ́yìn díẹ̀: "Ó ti wọ èkejì. Ó ku díẹ̀ kó dé orí òkè." Á gbé omi kaná. Nígbà tí Isaiah bá fi máa wọlé, ọbẹ̀ á ti gbóná. Mọ́tò tó ń gun òkè yẹn pọ̀, kò sì ṣì í gbọ́ rí.

Ẹ má rò pé ìfẹ́ nìkan ló ń jẹ́ kí ó máa fetí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa dírẹ́bà, pé kò sí táṣà kan tí wọ́n ń já èrò sí tí wọn kì í ní obìnrin sí. Rebecca gbọ́ èyí ní Igbaruku kí ó tó wọlé ọkọ, ó sì gbé e wá pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Á gbóòórùn ẹ̀wù Isaiah kí ó tó fọ̀ ọ́. Á bi í orúkọ olóúnjẹ tó ta ìrẹsì fún un. Bí mọ́tò bá pẹ́ dé díẹ̀, ìjà dé. Ìgbà ọyẹ́ kan, ó sọ fún un lójú mi pé, "Bí ilẹ̀ bá tún ṣú kí o tó dé, ibi tí o ti ń bọ̀ ni kí o padà sí." Isaiah rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó tún lọ sí Lọ́kọ́jà, ó dé kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú rẹ̀ sì le.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀. A jọ wà ní ìdí ààrò. Rebecca gbọ́ ẹ̀kẹta, ó gbọ́ bí ó ṣe ń rẹ ẹ́ńjìnnì, ó gbé etí sókè kí ó lè gbọ́ èkejì. Kò gbọ́ nǹkan kan. Òkè dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà tó pẹ́, a gbọ́ ohùn jíjinlẹ̀ kan tó rọra ń fà lọ.

"Ìkìíní nìyẹn," ni Rebecca wí. "Ó dúró. Ta ní í dúró ní àárín Rọra?"

Èmi pàápàá mọ̀ pé kò sí dírẹ́bà tó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí mọ́tò tó ru ẹrù bá dúró níbẹ̀, èrò á ní láti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fi òkúta ti ẹ̀yìn táyà, ìgbéra náà á sì le bí nǹkan míì. Bí Isaiah ṣe wọlé ni ó bi í.

"Omi ẹ́ńjìnnì ló hó," ni Isaiah wí. "Mo dúró bu omi sí i."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sọ ti adìẹ, kò sọ ti afárá. Ó bọ́ sí yàrá.

Nígbà tó tún dé láti Lọ́kọ́jà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Nígbà tó tún dé, bẹ́ẹ̀ náà ni. Rebecca dá obìnrin kan tó wọ mọ́tò náà dúró lójú ọ̀nà ọjà, ìyẹn sì ní òótọ́ ni, dírẹ́bà máa ń gbé garawa wọ ilé kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó jáde. Nígbà tí Rebecca délé, ìdí òfì mi ló tọ̀ wá.

"Ìyá James, ta ló ń gbé ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rọra yẹn?"

"Cecilia ni," mo wí.

"Ó ní ọkọ?"

"Opó ni."

Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn, kò sì sí irọ́ kankan níbẹ̀. Ohun tí n kò sọ ni pé Cecilia ti lé ní àádọ́rin ọdún, pé ojú rẹ̀ ti ṣú, pé àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń pọnmi fún un. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi. Mo wo ojú Rebecca bí ó ṣe ń yí padà, mo sì gbé e mì. Mo fẹ́ kí òun náà mọ bí ó ṣe rí.

"Èmi kò ní lọ síbẹ̀," ni ó wí. "N kò ní fi ẹsẹ̀ mi rìn lọ wo ojú obìnrin."

"Má lọ," mo wí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ilé wọn fi tutù. Rebecca á gbé oúnjẹ kalẹ̀, á sì jáde. Isaiah náà kì í sọ nǹkan, bí ẹni pé ọkàn rẹ̀ kò sí nílé. Mo máa ń fi etí ti ògiri, n kì í sì í gbọ́ ju ṣíbí lára abọ́ lọ. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Inú mi dùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà kan, Hezekiah fúnra rẹ̀ wá láti Ìyàrá láti rí bí wọ́n ṣe ń di ẹrù rẹ̀. Rebecca gbọ́, ó so ìró rẹ̀ le, ó ní kí a jọ lọ sí táṣà. Mo tẹ̀ lé e bí ẹni ń lọ wòran. Èrò ti pé, àwọn kan ti jókòó sórí àpò, Isaiah ń di okùn lẹ́yìn mọ́tò.

"Okun o, Ọ̀gá," ni Rebecca wí, ó sì kúnlẹ̀. "Ẹ bá mi bi dírẹ́bà yín ohun tó ń wá kiri ní ilé Cecilia."

"Rebecca," ni Isaiah wí jẹ́ẹ́. "Jọ̀ọ́, máa lọ sílé."

Ẹ̀rù wà lójú rẹ̀. Gbogbo wa la rí i, Rebecca sì ka ẹ̀rù náà sí ẹ̀rí.

"N kò lọ. Ọ̀gá, mo mọ ohùn mọ́tò yín bí mo ṣe mọ ohùn ìyá mi. Ẹ̀kẹta ló fi máa ń bẹ̀rẹ̀ Rọra, èkejì ló sì fi máa ń dé orí rẹ̀. Láti bí oṣù kan, kò wọ èkejì mọ́. Ó ń dúró ní àárín òkè, lẹ́yìn náà ni yóò fi ìkìíní gbéra. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá lọ, ṣé kò ní wọ èkejì ni? Ó fẹ́ dúró ni. Ó ní omi lòun ń bù. Ẹ bi í, irú omi wo ni?"

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Hezekiah kò rẹ́rìn-ín. Ó ti wa mọ́tò fún òyìnbó ní Kàdúná nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó sì mọ ohun tí òun ń gbọ́.

"Tún un sọ, ọmọ mi. Kò wọ èkejì rárá?"

"Rárá."

"Kódà lẹ́ẹ̀kan?"

"Kódà lẹ́ẹ̀kan, Ọ̀gá."

Isaiah jókòó sórí àpò èkùrọ́. Hezekiah gun iwájú mọ́tò, ó ta á, ó wà á yí pápá ká, ó sì ti gíà sí èkejì. N kò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò, ṣùgbọ́n mo fi ọwọ́ di etí mi. Ó ránṣẹ́ pe Ìbítóyè, mẹ́káníìkì tó wà lẹ́bàá táṣà. Ìbítóyè wọ abẹ́ mọ́tò, ó tú ìsàlẹ̀ ilé gíà, epo dúdú sì ṣàn sínú garawa. Ó ki ọwọ́ bọ inú epo náà, ó sì kó eyín irin jáde, márùn-ún, ó tò wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ọ̀gá, mo ti rán ènìyàn sí Ìlọrin kí ó bá mi wá òmíràn," ni Isaiah wí. "Lọ́jọ́ Ajé yìí ló ń bọ̀."

"Irin lè kán lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni," ni Hezekiah wí. "N kò bá ọ jà nítorí irin. Ṣùgbọ́n o ń dá ènìyàn ogún dúró ní àárín òkè, òkúta nìkan ló dì wọ́n mú, o sì ń gbé garawa kiri kí wọ́n lè rò pé omi ni. Fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

Ọ̀rọ̀ Hezekiah tọ́, n kò rí ibi tí mo lè bá a wí. Isaiah fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Rebecca ṣì wà lórí eékún. "Cecilia ńkọ́?" ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Cecilia wo?" ni Isaiah wí. "Ìyá àgbà tí kò ríran mọ́ yẹn? Mo máa ń bá a gbé ìkòkò rẹ̀ sórí iná kí n tó bu omi."

Rebecca yí ojú sí mi. Mo wo ilẹ̀. Nígbà tí a ń padà sílé, ó bi mí pé, "Ṣé ẹ mọ̀?" Mo ní, "Mo rò pé ìwọ náà mọ̀ ni." Ẹyin lohùn, lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n èyí tí mo pa mọ́ sẹ́nu ló fọ́ ní tèmi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo gbọ́ wọn láti ẹ̀gbẹ́ kejì ògiri. Rebecca ń sunkún.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi? Gbogbo nǹkan lo máa ń sọ fún mi."

Isaiah ní, "Nígbà tí o ní bí ilẹ̀ bá ṣú kí n padà síbi tí mo ti ń bọ̀. Ìrìn àjò tó tẹ̀ lé e ni eyín gíà bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Mo dé ìdí Rọra, oòrùn ti ń wọ̀. N kò dúró tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi ipá tì í wọlé."

"O ì bá sọ fún mi."

"Bí mo bá sọ fún ọ, o máa mọ̀ pé nítorí rẹ ni. N kò fẹ́ kí o mọ̀."

Lẹ́yìn ìyẹn n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Hezekiah fi mọ́tò lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó tún fún Isaiah ní mọ́tò, nítorí ọ̀rọ̀ náà dé gbogbo táṣà láti Egbe títí dé Lọ́kọ́jà. Ó gbé ọkọ́, ó lọ sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, tí kò jìnnà sí oko Bámigbóyè. Àwọn méjèèjì jọ ń jáde láàárọ̀, wọ́n jọ ń wọlé kí oòrùn tó wọ̀. Rebecca rí ọkọ rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sí obìnrin kan ní ìlú mìíràn tó tún lè rí i. Ó bí ọmọ mẹ́ta fún un. Mo kọ́ ọ ní aṣọ híhun, bóyá láti fi san nǹkan tí n kò lè dárúkọ, ó sì mọ̀ ọ́n hun jù mí lọ nígbà tó yá. Bí mọ́tò bá ń gun Rọra, kì í gbé orí sókè.

Ní bí ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó wá jókòó tì mí ní ìrọ̀lẹ́ kan. Àwọn ọkọ wa ti oko dé, ẹni kọ̀ọ̀kan ti wọ yàrá rẹ̀.

"Mo bi í bí oko ṣe rí," ni Rebecca wí. "Ó ní, 'Ó dára.' Mo bi í ohun tó rí lọ́nà. Ó ní, 'Kò sí.' Ó wẹ̀, ó jẹun, ó dùbúlẹ̀." Ó fi etí ìró nu ojú rẹ̀. "Ṣé bí Bàbá James náà ṣe máa ń ṣe nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni."

"Báwo lẹ ṣe ń fara dà á ní gbogbo ọdún wọ̀nyí?"

Mo ti fẹ́ kí tirẹ̀ dà bíi tèmi, ó sì ti dà bẹ́ẹ̀. N kò lè sọ fún un pé ohùn Isaiah tó máa ń gba ògiri wọlé wá ni mo fi ń fara dà á, àti pé láti ọjọ́ tí Isaiah ti dákẹ́, àwa méjèèjì ni kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́.